Olúwa Ilé Keje

Agbọ́rọ̀, ẹ̀rọ ìlú tó ń dá irọ́ mọ̀, ti wọ òpópó Ìfẹ́sowápọ̀ kí Mosúnmọ́lá tó rí ibi tí yóò fi Díyà pamọ́ sí. Ó kọ́kọ́ tì í sí yàrá, ó wá rántí pé yàrá náà kò ní ilẹ̀kùn mọ́. Ó fà á jáde, ó tì í sí ilé ìdáná, ó ní kí ó jókòó sẹ́yìn àgbá omi tó ti gbẹ, kí ó ká ẹsẹ̀ jọ.

"Má sọ̀rọ̀ o. Má húkọ́. Bó o bá tiẹ̀ fẹ́ sín, fi ìró dí ẹnu."

"Ọmọ ńkọ́, àǹtí mi?"

"Ọwọ́ mi ni yóò wà."

Díyà kò tètè gbé e sílẹ̀. Ọmọbìnrin ọjọ́ mẹ́jọ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú yó, wàrà ṣì wà létí ẹnu rẹ̀. "Ẹ má gbàgbé orúkọ tí mo sọ fún yín. Àwọn yòókù lè sọ ọ́ ní èyí tó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n ti èmi..."

"Rẹ̀mílẹ́kún. Mo ti gbọ́. Jókòó jẹ́ẹ́, Díyà, jọ̀ọ́."

"Wọn ò lè mú òun lọ, àbí?"

"Orí ilẹ̀ gbígbẹ lo bí i sí. Ilẹ̀ gbígbẹ ló ni ín. Ìwọ ni ká máa ṣọ́."

Moróundíyà ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Etí òkun ni ìlú rẹ̀ wà, nígbà tí ìlú náà ṣì wà. Ọjọ́ tí òkun gbé e mì, ọkọ rẹ̀, Ẹ̀yìnlànwò, padà lọ gbé ìyá rẹ̀, òkun sì mú òun náà lọ tọkọ̀tọkọ̀. Díyà nìkan ló fi oyún rìn dé Ìbàdàn. Ará omi ni òfin ń pe irú wọn, wọn kò sì gbọ́dọ̀ sùn lójú òpópó kankan. Tí ẹ̀rọ bá gbọ́ ohùn ará omi kan péré, ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ yóò dé, yóò gbé e lọ sí àgọ́ tó wà lápá òkè lọ́hùn-ún, a kò sì tíì rí ẹni tó ti ibẹ̀ bọ̀ wá sọ bí ibẹ̀ ṣe rí.

Ì bá sàn kí wọ́n fi í pamọ́ sí ilé mìíràn, ṣùgbọ́n láti àná ni katapílà mẹ́ta ti wà lójú òpópó. Kò sí ènìyàn kankan nínú wọn. Àmọ́ wọ́n lójú, wọn kì í sì í ṣẹ́jú. Ẹni tó bá gba iwájú wọn kọjá, wọ́n á ti mọ ọmọ ẹni tó jẹ́ kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì.

Mosúnmọ́lá gbé ọmọ náà sáyà. Kí ọkọ rẹ̀ tó kú, ọdún méjìlá ni wọ́n fi wá ọmọ. Oyún mẹ́rin ló bọ́ mọ́ ọn lára, ó sì ti pinnu pé òun ò ní sunkún mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Àfi bí Díyà ṣe bímọ, tí ibà dá a dùbúlẹ̀, tó wá di pé àyà Mosúnmọ́lá ni ọmọ ń sùn sí lóru. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jí kí ọmọ tó sunkún. Ó mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọ ọlọ́mọ mọ́ òun lára tó bẹ́ẹ̀, ó sì ti mọ́ ọn lára.

Nínú pálọ̀, àwọn onílé ti pé. Ilé méje ló wà ní Ìfẹ́sowápọ̀, àwọn onílé mẹ́fà ló wà láàyè, gbogbo wọn ló wá. Bàbá Alága jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó lápá. Ó ti tó ogún ọdún tí ẹgbẹ́ tó ṣe alága fún ti túká, oyè náà kò ṣí kúrò lára rẹ̀. Tísà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kọjú sí i. Ìyá Ìbejì fi ara rẹ̀ ńlá sáàárín àwọn méjèèjì, nítorí wọ́n lè jà nígbàkígbà. Sàláwù àti àbúrò rẹ̀ Múfútáù, tí wọ́n ni ilé méjì tó wà nísàlẹ̀, dúró ti ògiri. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu àwọn yẹn.

"Ṣé ẹ rí i báyìí?" Ìyá Ìbejì ń wo àwọn àgbà méjèèjì láti òkè délẹ̀. "Bàbá Alága ní aago mẹ́wàá ni ká máa ti géètì. Tísà ní aago mọ́kànlá ni. Nítorí wákàtí kan, ẹ tú ẹgbẹ́ ká. Ó dáa, ní báyìí géètì ń ti ara rẹ̀ nígbà tó bá wù ú, omi ò yọ, iná ò tàn. Mo lọ sí ọ́fíìsì ìlú lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ní òun ò rí mi. Ó ní òpópó tí kò ní ẹgbẹ́ kò ní èèyàn. Èmi! Pẹ̀lú bí mo ṣe sanra tó yìí!"

"Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà," Bàbá Alága ní.

"Ẹ tún wá ń pòwe fún wa."

"Ó tó," Tísà ní. "Ẹ jẹ́ ká tún un sọ kí Agbọ́rọ̀ tó wọlé. Kí ẹgbẹ́ tó lè jí, ilé méjèèje gbọ́dọ̀ ní olúwa. Ẹni tó ni ibi tí a jókòó sí yìí kú sókè òkun, kò bímọ. Ṣùgbọ́n òfin ilé òfìfo ní, ọmọ tí wọ́n bá bí sínú ilé tí kò ní olúwa, tí gbogbo òpópó sì péjọ sọ lórúkọ níbẹ̀, òun ló ni ilé náà. Ọmọ rèé. Òní ló pé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Tó bá béèrè pé ọmọ ta ni, èmi ni màá dáhùn. Ẹ̀yin, ẹ panu mọ́."

"Tó bá wá béèrè ohun mìíràn ńkọ́?" Mosúnmọ́lá bi í.

"Kí ló tún kù tó fẹ́ béèrè? Mo ti rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn." Tísà ń nu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ itan ṣòkòtò rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀.

Agbọ́rọ̀ kò kanlẹ̀kùn. Ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé, ara rẹ̀ rí ròbótó, kò sì ju ìkòkò ìsebẹ̀ lọ. Ohùn ìyá àgbà ni wọ́n fi sí i lẹ́nu, ohùn tó máa ń wu èèyàn láti sọ tinú rẹ̀ fún. Iná kan wà níwájú orí rẹ̀. Bí èèyàn bá sọ òótọ́, á tan àwọ̀ ewé. Bí èèyàn bá purọ́, á pọ́n. Wọ́n ní kì í wo ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu jáde rárá, pé èémí tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́.

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìfẹ́sowápọ̀," ni Agbọ́rọ̀ wí. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù ti ẹgbẹ́ yín tó kú."

"A dúpẹ́ o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́," Bàbá Alága dáhùn, bí ẹnu ti mọ́ ọn lára. Ìyá Ìbejì fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

"Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ jí i. Òfin gbà yín láyè kí oòrùn tó wọ̀. Bí oòrùn bá wọ̀, àwọn tó wà níta yóò wó ilé yín, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ adágún omi tí ìlú fẹ́. Kí onílé kọ̀ọ̀kan pe onílé tó tẹ̀ lé e lórúkọ, kí ó sọ bóyá òun mọ̀ ọ́n. Ẹ bẹ̀rẹ̀."

Mosúnmọ́lá ló kọ́kọ́ kàn. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni Bàbá Alága. "Mo mọ̀ wọ́n," ó ní. "Bàbá Alága ni."

Iná náà kò tan àwọ̀ ewé, kò sì pọ́n. "Ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣe alága fún ti kú. Kí ni orúkọ wọn?"

Mosúnmọ́lá wo Tísà, Tísà wo Ìyá Ìbejì, Ìyá Ìbejì wo àjà ilé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbé òpópó kan náà, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gbọ́ orúkọ bàbá yìí rí. Ta ni yóò bi í? Kí sì ni yóò fi í ṣe? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n lè là á mọ́ ọn lórí ti lọ sọ́run tán. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù láyé tó mọ̀ ọ́n ni bàbá fúnra rẹ̀.

"Adéṣígbìn ni mí," Bàbá Alága sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ojú ń tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ balùwẹ̀. "Pè é, ìyàwó. Kò sóhun tó máa ṣe."

Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀ tọmọtọmọ. "Ẹ má bínú o, bàbá. Ẹ̀rọ ló ní ká pè yín bẹ́ẹ̀. Adéṣígbìn ni. Mo mọ̀ wọ́n." Iná tan àwọ̀ ewé. Ó dìde bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àgbà kọjá lórí ẹní.

Bàbá Alága pe Tísà. Kò wò ó lójú, ṣùgbọ́n ó pè é. Tísà pe Ìyá Ìbejì ní Rábíátù, ìyẹn sì ní kó rọra o, pé ọkọ òun tó ti kú pàápàá kò pe òun bẹ́ẹ̀.

"Rábíátù, ọmọ ọdún mélòó ni yín?" Agbọ́rọ̀ béèrè.

"Ọgọ́ta."

Iná pọ́n wẹ̀ẹ̀. Sàláwù tí kì í sọ̀rọ̀ bú sẹ́rìn-ín, Múfútáù náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Tísà fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ wo ẹ̀rọ aláìnítìjú yìí!" Ìyá Ìbejì ní. "Ó dáa, àádọ́rin! Àádọ́rin ó lé díẹ̀! Ṣé inú ẹ ti wá dùn?"

Iná tan àwọ̀ ewé. "Irọ́ kan nìyẹn," Agbọ́rọ̀ wí, ohùn rẹ̀ tutù bíi ti tẹ́lẹ̀. "Ìpàdé tó bá pa irọ́ kejì kì í ṣe ìpàdé. Màá jáde, ẹgbẹ́ yín á wà ní òkú."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo wọn. Ìyá Ìbejì jókòó, ó fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó sì tún gbé e kalẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ìyá Ìbejì pe Sàláwù, Sàláwù pe Múfútáù, Múfútáù pe Mosúnmọ́lá, olúkúlùkù ń tọ́ ọ̀rọ̀ wò lẹ́nu kí ó tó sọ ọ́ jáde.

"Ilé mẹ́fà nìyẹn," Agbọ́rọ̀ wí. "Ilé keje?"

"Olúwa rẹ̀ rèé," Tísà dáhùn, ó nawọ́ sí ọmọ. "Ibí yìí la bí i sí. A fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ."

Àwọ̀ ewé. "Ẹ sọ ọ́, kí n gbọ́."

Wọ́n gbé abọ́ omi wá, wọ́n gbé iyọ̀ wá, wọ́n gbé oyin wá nínú kọ́ọ̀bù kan. Bàbá Alága ti ìka bọ omi, ó fi kan ọmọ níwájú orí. "Omi rèé o. Omi kò lọ́t..." Ó rántí ibi tí bàbá ọmọ yìí wà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì sáré mú iyọ̀. "Iyọ̀ rèé. Ayé rẹ á dùn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé la sì jókòó sí. Ilésanmí ni mo sọ ọ́."

Ọmọ tọ́ iyọ̀ wò, kò fẹ́ ẹ. Ó la ẹnu, ó ké.

Ohun kan ró nínú ilé ìdáná. Kò ju kí ẹsẹ̀ kan kan àgbá lọ, ṣùgbọ́n Agbọ́rọ̀ yí orí padà. "Mo gbọ́ nǹkan níbẹ̀ yẹn."

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ, ó sì sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ti sú u. "Eku pọ̀ nínú ilé yìí. Lánàá mo rí ọ̀kan tó tó ọmọ ológbò."

Agbọ́rọ̀ dúró. Iná rẹ̀ tan àwọ̀ ewé, nítorí eku pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì rí èyí tó wí lánàá. Mosúnmọ́lá rẹ ọmọ náà lẹ́kún, ó ń mì í títí ó fi dákẹ́.

Tísà sọ ọmọ ní Ìfẹ́tóyè. Ìyá Ìbejì sọ ọ́ ní Àníkẹ́, ó tún fi oríkì díẹ̀ kún un láti fi ro ara rẹ̀ nínú. Sàláwù àti Múfútáù fohùn ṣọ̀kan pé Bàṣírátù ni. Ó kan Mosúnmọ́lá.

"Rẹ̀mílẹ́kún," ó ní. Ó rò pé òun ń jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni.

"Mo gbọ́," Agbọ́rọ̀ wí. "Ọmọ ta ni?"

Tísà ti ń dúró de èyí. Ó dìde, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Ọmọ Ẹ̀yìnlànwò ni. Omi gbé bàbá rẹ̀ lọ kí wọ́n tó bí i. Òfin kì í sì í bá òkú ṣẹjọ́."

Àwọ̀ ewé. Bàbá Alága mí kanlẹ̀. Tísà jókòó, ẹ̀rín ìṣẹ́gun ti ń yọ díẹ̀ létè rẹ̀.

"Ọmọ tuntun kò lè sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé," Agbọ́rọ̀ wí. "Ìyá rẹ̀ ni yóò máa bá a sọ ọ́. Ta ni ìyá rẹ̀?"

Tísà dìde, ó tún padà jókòó.

Ẹ má bú Tísà. Ní ilẹ̀ wa, tí ọmọ kan bá ń ré kọjá, ohun tí àgbà ń bi í ni pé ọmọ ta ni ọ́, bàbá rẹ̀ ni yóò sì dárúkọ. Ta ló tíì dé ibi ìsọmọlórúkọ rí tó béèrè ìyá ọmọ? Ìyá ọmọ wà níbẹ̀, ó jókòó, ó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, ojú gbogbo ayé rí i. Ohun tí kò sẹ́ni tó ń béèrè ni Tísà kò rò, bí ó ti rò ó síwá, rò ó sẹ́yìn tó. Ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ yìí kò mọ àṣà wa tó, tàbí kó jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n jù.

"Ọmọ gbogbo wa ni," Bàbá Alága ní.

Iná náà tan àwọ̀ ewé. "Òótọ́ ni ẹ sọ, bàbá, ṣùgbọ́n ìyá kan ni òfin mọ̀. Ta ni?"

Níta, ọ̀kan nínú àwọn katapílà tanná, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Oòrùn tó ti wà lórí ògiri pálọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ dé ilẹ̀. Tísà ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyá Ìbejì la ẹnu, ó tún pa á dé. Kì í ṣe ẹnu òun ni irọ́ kejì yóò ti jáde. Sàláwù ń yọ́ wo ojú fèrèsé, ibi tí òrùlé ilé tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ti ń yọ.

Ibi tí Mosúnmọ́lá jókòó sí, òun nìkan ló rí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ó rí i tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Ó rí ìka mẹ́rin tó di etí ilẹ̀kùn mú, èékánná wọn funfun. Díyà ń bọ̀. Ó fẹ́ jáde wá dáhùn fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sì rọrùn. Bí Díyà bá jáde, tó ní òun ni, iná yóò tan àwọ̀ ewé. Òpópó á là, omi á yọ, katapílà á padà. Ọkọ̀ á dé, á gbé ìyá lọ. Ọmọ á ṣẹ́kù. Ta ni yóò wá tọ́ ọ? Mosúnmọ́lá kò ní ṣe ohunkóhun. Kò ní purọ́, kò ní já ẹnikẹ́ni gbà. Kó ṣáà jókòó, kó panu mọ́ díẹ̀ sí i, ọmọ yìí á di tirẹ̀.

Ó kórìíra ara rẹ̀ nítorí ìrònú yẹn ju bí ó ti kórìíra ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Ó fẹ́ sá kúrò níwájú ìrònú náà, ọ̀nà kan ṣoṣo tó sì rí sá gbà ni ẹnu rẹ̀.

"Èmi ni," ó ní.

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ìka mẹ́rin dúró lára ilẹ̀kùn.

"Ẹ tún un sọ."

"Èmi Mosúnmọ́lá. Èmi ni ìyá rẹ̀."

Bàbá Alága di ojú, ètè rẹ̀ ń gbàdúrà. Ìyá Ìbejì di Tísà mú lápá títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. Ó parí nìyẹn, irọ́ kejì rèé, ìdí ilé méje á di ìsàlẹ̀ omi. Agbọ́rọ̀ sún mọ́ Mosúnmọ́lá títí obìnrin náà fi rí ojú ara rẹ̀ lára ẹ̀rọ náà, ojú tó wúwo, àti ọmọ kan tó sùn lọ láyà rẹ̀.

Iná tan àwọ̀ ewé.

"Mo gbọ́," Agbọ́rọ̀ wí. "Mosúnmọ́lá ni ìyá. Rẹ̀mílẹ́kún ni olúwa ilé keje. Ilé pé méje. Ẹgbẹ́ Onílé Ìfẹ́sowápọ̀ jí. Ẹ kú oríire o. Ohun tí mo bá ti gbọ́ ti di ti òfin, ẹnikẹ́ni kò lè yí i padà mọ́."

Ó fi ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ jáde. Wọ́n gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì kú níta, tí àwọn katapílà ń yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí géètì sì ṣí gbayawu fún wọn. Nínú ilé ìwẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ omi tó ti gbẹ láti oṣù tó kọjá húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi. Nígbà náà ni pálọ̀ tú sí ariwo. Bàbá Alága ń sunkún, kò sì fi pamọ́. Tísà nawọ́ sí i, bàbá gbá ọwọ́ náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, Sàláwù àti Múfútáù ń fò sókè bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n fún nísinmi.

"Mẹ́wàá ààbọ̀," Bàbá Alága ń wí. "Ká máa tì í ní mẹ́wàá ààbọ̀, Tísà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ìyá Ìbejì fa Mosúnmọ́lá mọ́ra, ó sọ̀rọ̀ sí i létí, ohùn rẹ̀ kún fún ìyanu. "Ìwọ obìnrin yìí. Báwo lo ṣe ṣe é? Báwo lo ṣe mí tí kò fi gbọ́ irọ́ lára rẹ?"

Mosúnmọ́lá kò ṣe ohun kankan. Kò sé èémí, kò ta ọgbọ́n. Bí èèyàn ṣe ń dárúkọ ara rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ohun tó ti ń pa mọ́ fún ara rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́jọ yìí ni ẹ̀rọ náà gbọ́ kedere, tó sì fi òǹtẹ̀ lù. Ẹyin lohùn; ó ti balẹ̀.

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí tán. Díyà jáde. Ìró rẹ̀ tutù níwájú àyà níbi tí wàrà ti ń jo láti ìgbà tí ọmọ ti ké. Ariwo pálọ̀ rọlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rí i lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìyá Ìbejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé kó máa dúpẹ́, pé wọ́n ti gbà á lẹ́nu kìnnìún, pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Díyà kò wo Ìyá Ìbejì.

"Mi ò rí iná náà láti ibi tí mo wà, àǹtí mi," ó ní. "Àwọ̀ wo ló tàn?"

Ó mọ èsì. Omi ń dà nínú ilé ìwẹ̀, gbogbo èèyàn gbọ́ ọ. Síbẹ̀ ó dúró de èsì náà.

"Àwọ̀ ewé," Mosúnmọ́lá dáhùn.

Díyà mi orí díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ gbé ọmọ mi fún mi."

"Mò ń gbé e bọ̀," Mosúnmọ́lá ní, òótọ́ inú rẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n apá tó fi gbá ọmọ náà mọ́ àyà kò tú.